Bèbè Tó Mọ́ Tónítóní

"Ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu téèpù yẹn mọ́ ìdí ògiri, Bàbá, kó má baà yọ," ni obìnrin awọnlẹ̀ wí, ó sì ń fẹ̀yìn rìn lọ sí etí bèbè, téèpù ń tú jáde lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, Májẹ́óhù sì ni gbogbo etí òkun yẹn ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o! Iṣẹ́ ọgbà ló ti ń ṣe láti ìgbà èwe, kò sì sí koríko tó lè yọjú níbi tí ó bá wà kó má fà á tu. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ a máa ní orí rẹ̀ tó pá yẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tu ú. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé ìyìn wà nínú ẹ̀fẹ̀ náà. Àárọ̀ ọjọ́ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró sí ìdí ògiri ilé àbúrò rẹ̀ nínú bàtà òjò, ó ń wo gìgísẹ̀ obìnrin náà bó ṣe ń súnmọ́ ibi tí ilẹ̀ parí sí, ó ń bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé kí ilẹ̀ ṣì kù.

Ilẹ̀ kò kù tó.

"Mítà méje," ni awọnlẹ̀ ké. Ó tún un wọ̀n, ó sún sọ́tùn-ún, ó sún sósì, mítà méje náà ni. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, méjìlá ni. Ọ̀rọ̀ kánsù kò sì ní ìtumọ̀ méjì: ilé tí kò bá ti ní mítà mẹ́wàá mọ́ láàárín ògiri rẹ̀ àti etí bèbè, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ sun inú rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, opó ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ká apá lérí àyà. Inú ilé yìí ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Ìyá wọn ló kọ́ ọ, àbúrò ló sì jogún rẹ̀, torí pé ẹ̀gbọ́n ti ní ilé tirẹ̀ lókè títì, níbi tí òkun kò lè dé láyé ẹnikẹ́ni tó ń mí lónìí.

"Ṣé ó di ọ̀la?" ni ó bi awọnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Òní ni. Kó tó di aago mẹ́rin."

Kò sunkún, kò sì bá a jiyàn. "Ṣebí mo ti mọ̀. Ìyẹn ni lọ́rì kánsù fi dúró síta láti àárọ̀." Ó yíjú padà, ó wọlé lọ, wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń to abọ́ sínú páálí.

Awọnlẹ̀ kò tíì ká téèpù rẹ̀. Ó dojúbolẹ̀, ó na orí kọjá etí bèbè, ó wo ìsàlẹ̀, ó wá wo ọwọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wà níbẹ̀, ọkùnrin tí kò gbé ọkọ́ rí láyé rẹ̀. Òdòdó ìgbẹ́ ti gba gbogbo bèbè tirẹ̀. Ìtàkùn tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò rá palẹ̀ títí dé ibi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan tó pọ́n bí èso ìyeyè ga dé orúnkún, funfun wẹ́wẹ́ kan sì wà láàárín wọn tí oyin kò fi sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ọdún mẹ́wàá ni Májẹ́óhù fi ń fi tíṣà náà ṣe yẹ̀yẹ́. "Tíṣà, ejò lẹ ń sìn níbẹ̀ ni àbí kí ni?" Wàyí o, bèbè tíṣà yọ síta gbọnrangandan, ti àbúrò Májẹ́óhù ti wọnú lọ bí ẹnu arúgbó tí kò léyín. Kò dìgbà tí èèyàn bá kàwé kó tó rí i.

"Ta ló ro ibí yìí?" ni awọnlẹ̀ béèrè.

Májẹ́óhù wúkọ́. "Èmi ni."

"Ó ti pẹ́?"

"Ó di ọdún mẹ́ta."

"Ẹ ń bomi rin ín?"

"Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́."

Awọnlẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó tó ọmọ tí Májẹ́óhù lè bí, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà bí ẹni ń bá ọmọdé wí. "Bàbá, àwọn koríko yẹn ló ń di ilẹ̀ yìí mú. Gbòǹgbò wọn ń lọ sísàlẹ̀ ju ìdúró èèyàn lọ. Ẹ wá tu wọ́n, ẹ tún ń da omi sí i lójoojúmọ́…" Kò parí rẹ̀. Ó ṣí fáìlì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tí Màmá kọ sí wa, wọ́n ní àtẹ̀gùn tí ọmọ wọn gbẹ́ sára bèbè ló fà á. Kì í ṣe àtẹ̀gùn o. Ẹ wò ó fúnra yín. Ibi tí àtẹ̀gùn tó kù wà gan-an ló lágbára jù, torí pé ẹ ò tu ìdí ibẹ̀. Ṣé kí n lọ ṣàlàyé fún wọn?"

"Fi í sílẹ̀," ni Májẹ́óhù yára wí. "Èmi ni mo máa sọ fún un."

Obìnrin náà pa fáìlì rẹ̀ dé. "Ó dáa, sà. Àmọ́ kí lọ́rì tó gbéra ni o. Ohun tí mo máa kọ sínú ìwé nìyẹn, kò sì yẹ kó jẹ́ inú ìwé ni wọ́n ti máa kà á."

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun sí Májẹ́óhù. Ó ti mọ̀ láti òjò àkọ́kọ́.

Ìdíje ọgbà ló dá a sílẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òdòdó bá yọ, àwọn ará ìlú ńlá a máa wá wo àwọn ọgbà tó wà létí òkun, àwọn adájọ́ a sì mú èyí tó dára jù. Ó wu Májẹ́óhù kí ti àbúrò rẹ̀ gbé ipò kìíní. Ó ní òdòdó ìgbẹ́ tó wà lórí bèbè ń sọ ọgbà di igbó, ó ń dí àwọn àlejò lójú, wọn kò lè rí òkun láti orí àga. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ àti ìka wa gbòǹgbò wọn, ó ń ko wọ́n sínú bárò, títí gbogbo bèbè, àyàfi ìdí àtẹ̀gùn, fi mọ́ tónítóní bí ilẹ̀ pálọ̀. Ó wá gbin àwọn òdòdó tí wọ́n ń tà nínú ike, èyí tí gbòǹgbò wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n gbé ipò kìíní lóòótọ́. Àwọn adájọ́ ní àwọn kò rí ọgbà tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, àbúrò rẹ̀ sì dì mọ́ ọn níṣojú gbogbo èèyàn.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó tábìlì oúnjẹ gé kúrò, ó já sínú òkun. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí Májẹ́óhù débẹ̀. Ó wo bèbè tíṣà tí kò mì, ó wo èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ro, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ó ń wá bí ó ṣe máa sọ ọ́ nígbà tí àbúrò rẹ̀ jáde, ohun tí àbúrò rẹ̀ sì kọ́kọ́ rí ni àtẹ̀gùn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, géńdé kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn apẹja ṣe. Ọmọ náà ló gbẹ́ àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún sára bèbè kó lè máa sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ tó gé kó mẹ́ta nínú wọn lọ. Ni ìyá bá figbe ta.

"Ṣọ́bìrì ẹ ló fẹ́ wó ilé ìyá mi! Mo ní kó o má gbẹ́ ẹ, o ní o gbọ́n jù mí lọ!"

"Màmá, àtẹ̀gùn yìí ti pé ọdún mẹ́fà níbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan." Ọmọ náà yíjú sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Májẹ́óhù wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ là kedere, ó sì ń wo orí ọmọ bó ṣe ń wọ́ lọ. Ìtìjú dì í lẹ́nu. Ó ronú pé òun á sọ ọ́ lọ́la, nígbà tí ara gbogbo wọn bá balẹ̀. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ọmọ mi, bẹ ìyá ẹ."

Ọmọ náà wò ó títí. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí nílé mọ́. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí.

Májẹ́óhù bọ́ bàtà òjò sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Ilé ti ń dún hò bí ilé tí ẹrù ti ń kúrò nínú rẹ̀ ti máa ń dún. Awakọ̀ lọ́rì, ọkùnrin sísanra kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ń fa àga ńlá jáde láti pálọ̀.

"Màmá, àga yìí wúwo ju ìyàwó mi lọ o!"

"Ẹ rọra gbé e. Bó bá ṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa fẹ́ ẹ," ni àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn láti ilé ìdáná, awakọ̀ sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fi àga kọlu ilẹ̀kùn. Nígbà tí obìnrin náà rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dojú ike omi kan délẹ̀ fún un láti fi jókòó. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá jókòó. Láti àárọ̀ lẹ ti wà lórí ìdúró, ẹ ò sì tíì fi nǹkan kan sẹ́nu. Búrẹ́dì ló kù, tíì sì wà nínú fláàsì."

Ó jókòó. Ó gba búrẹ́dì. Ó bù ú jẹ. Yàrá méjì ló ṣófo nílé òun fúnra rẹ̀ lókè títì, láti ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ. Kò sọ fún àbúrò rẹ̀ rí pé kó wá gba ọ̀kan, torí kò mọ bí òun ṣe máa jí lárààárọ̀ kí òun máa wo ojú rẹ̀. Lónìí ó ti pinnu: yóò sọ ti bèbè, yóò sì so ti yàrá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ nínú ara rẹ̀. Dárí jì mí. Mo ba ilé ìyá wa jẹ́. Wá máa gbé lọ́dọ̀ mi títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

"Yàrá kan ni kánsù fún mi," ni àbúrò rẹ̀ ń wí, ó ń fi ìwé ìròyìn wé ife. "Bí ẹ bá na ẹsẹ̀, ẹ ti kan ògiri. Bí ọmọ yẹn bá wá dé lójijì, níbo ni mo fẹ́ tẹ́ ẹ sí?"

Májẹ́óhù la ẹnu. "Àbúrò mi…"

"Màmá, ti bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?" Awakọ̀ ti tún dé.

Àbúrò rẹ̀ bá a lọ. Májẹ́óhù gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó sì ń bú ara rẹ̀ ní ojo, torí ó mọ̀ pé inú òun dùn sí awakọ̀ náà bó ṣe wọlé. Nígbà tí aago mẹ́ta lù, ó tọ àbúrò rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Yàrá ọmọ náà ni. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì lọ, ìyá rẹ̀ sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí irinṣẹ́, ó ń fi àkísà tí epo wà lára rẹ̀ nu sípánà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n padà láti kékeré dé ńlá.

"Oṣooṣù ni mò ń pa wọ́n lépo," ni ó wí láì gbójú sókè. "Afẹ́fẹ́ òkun yìí burú. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ fún oṣù méjì péré, gbogbo ẹ̀ ló máa dógùn-ún." Ó gbé ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé, ó wò ó. "Mo bínú sí i, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n òun kan ṣoṣo ni mo bí, Bọ̀ọ̀dá mi. Bó bá jẹ́ pé ó pè mí lẹ́ẹ̀kan péré, kó ní 'Màmá, ẹ má bínú', mi ò ní jẹ́ kó parí ẹ̀ kí n tó ní kó máa bọ̀ nílé."

"Kì í ṣe òun," ni Májẹ́óhù wí.

"Kí ni kì í ṣe òun?"

"Kì í ṣe àtẹ̀gùn ló jẹ bèbè. Èmi ni. Àwọn òdòdó ìgbẹ́ tí mo tu nítorí ìdíje, àwọn ló di ilẹ̀ mú. Awọnlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ kó tó sọ. Dárí jì mí. Yàrá wà nílé mi, méjì ló ṣófo, jẹ́ kí lọ́rì gbé ẹrù ẹ lọ síbẹ̀…"

Ó retí igbe. Igbe ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àbúrò rẹ̀ rọra gbé sípánà sí àyè rẹ̀ nínú àpótí.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti òjò àkọ́kọ́."

"Ọmọ mi ṣì wà nílé nígbà yẹn."

"Ó wà nílé."

"Ó ní kí ẹ sọ̀rọ̀. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ."

Òkun ń ró nísàlẹ̀, fèrèsé ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ gbójú sókè wò ó wàyí, ó wò ó bí ẹni tó ń ka ìwé tí wọ́n fi ìkọkúkọ kọ. "Ṣé ó pè yín rí?"

Irọ́ wà nítòsí. "Rárá" kan ṣoṣo á tó. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan. Ọdún tó kọjá. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́, pé òun fẹ́ wá rí ẹ."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kó ní sùúrù. Pé inú ẹ ò tíì rọ̀."

"Inú mi." Ó tún un wí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Inú èmi."

Ẹ̀rù ló ba Májẹ́óhù lọ́jọ́ tí ọmọ náà pè, torí bí ìyá àti ọmọ bá fojú kan ara wọn, ọ̀rọ̀ bèbè ló máa kọ́kọ́ jáde, ọmọ náà á sì tún yíjú sí òun. Kò lè sọ èyí.

"Nọ́ńbà tó fi pè yín dà?"

"Mi ò tọ́jú ẹ̀."

Obìnrin náà dìde. Ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ohun tí kò jẹ́ ṣe lọ́jọ́ mìíràn, ó fa fóònù yọ lápò. Láti ìgbà tí ọmọ ti lọ, kò tíì pè é rí. Ó ní ìyá kì í kọ́kọ́ bẹ ọmọ. Ó wá nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ àtijọ́ jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù sétí. Ó ń dún. Májẹ́óhù ń gbọ́ ọ láti ibi tó dúró sí pé ó ń dún, ojú àbúrò rẹ̀ sì yí padà, ó di ojú ọmọbìnrin kékeré tí òun máa ń gbé kọ́rùn lọ sí etí omi.

Ẹnì kan gbé e. Ohùn obìnrin ni.

"Ọmọ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀," ni ìyá wí. "Ọkùnrin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe." Ó tẹ́tí. "Ó ti lé lọ́dún kan tí nọ́ńbà yìí ti di tiyín? Ẹ ò wá mọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀." Ó tún tẹ́tí. "Rárá, kò burú. Ẹ má bínú, ọmọ mi, mo dí yín lọ́wọ́. Ẹ ṣeun. Ẹ kí àwọn ará ilé."

Ó fi fóònù sápò. Ó de àpótí irinṣẹ́, ó gbé e. Ó wúwo, ó sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe gbé e. Májẹ́óhù na ọwọ́ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa ọwọ́ dà, ó gbé àpótí náà sí ọwọ́ kejì tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tó, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Níta, awakọ̀ ti di okùn mọ́ ẹrù. Ó ṣílẹ̀kùn iwájú. "Màmá, ẹ gòkè. Bàbá, ẹ sún mọ́ wọn, àyè máa gba ẹni mẹ́ta bí mo bá fa ikùn mi sínú."

"Wọ́n nílé tiwọn," ni àbúrò Májẹ́óhù wí. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ sórí àga, ó jókòó tì í, ó fa ilẹ̀kùn dé. Kò pè é ní Bọ̀ọ̀dá mi mọ́. Kò wẹ̀yìn wo òkun, kò wẹ̀yìn wo ilé. Lọ́rì gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹsẹ̀ tábìlì nà sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó dé orí títì, ó yà.

Awọnlẹ̀ ń fi ìṣó kan pátákó pupa mọ́ ilẹ̀kùn iwájú. Ó parí, ó gbọn ọwọ́, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà náà.

"Ṣé ẹ sọ fún wọn, Bàbá?"

"Mo sọ fún un."

"Kí ni wọ́n wá wí nípa ilé?"

Májẹ́óhù la ẹnu kó dáhùn. Ó wá a lókè, ó wá a nílẹ̀, nínú gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ nínú yàrá yẹn. Àbúrò rẹ̀ kò tiẹ̀ mẹ́nu kan ilé.